Lọ́wọ́ Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Wà? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìmúrasílẹ̀ fún Pàjáwìrì Níbi Iṣẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí maṣíìnì, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sí ọ́fíìsì alájà mẹ́rin, alájà mẹ́fà, àti ẹ̀yin mẹ́gáàdì tí ẹ gbé rédíò yín sẹ́nu géètì, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín, mo sì fẹ́ kí ẹ dá a lóhùn nínú ọkàn yín: bí iná bá sọ níbi iṣẹ́ yín nísinsìnyí, ta ni yóò pe panápaná? Mi ò béèrè bóyá ẹnì kan á pè wọ́n. Orúkọ ẹni náà ni mo ń béèrè.

Bí orúkọ kan ṣoṣo kò bá sọ sí yín lọ́kàn lójú ẹsẹ̀, a jẹ́ pé ibi iṣẹ́ yín ò tíì ní ètò pàjáwìrì. Ì báà jẹ́ pé wọ́n lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ gbogbo ògiri, ì báà jẹ́ pé ẹ̀rọ apaná pupa mẹ́wàá ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohun tí mo bá wá síbí lónìí ò ju ìyẹn lọ: ètò tí kò bá ti gbé orúkọ èèyàn dání, ètò kọ́.

Ẹ jẹ́ ká dé ìlú New York, ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 25, oṣù Kẹta, ọdún 1911. Ilé iṣẹ́ aránṣọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Triangle, búláòsì àwọn obìnrin ni wọ́n ń rán. Àjà kẹjọ, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá nínú ilé gíga kan ni wọ́n ń lò. Ọ̀dọ́mọbìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn, ọmọ Júù àti ọmọ Ítálì tí wọ́n ṣí wá sí Amẹ́ríkà láti wá ọ̀nà jíjẹ mímu. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tó ku díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, iná sọ nínú àpótí tí wọ́n ń da àjákù aṣọ sí lábẹ́ tábìlì àwọn agéṣọ ní àjà kẹjọ. Ẹ̀yin télọ̀ ò ní kí n tún sọ bí àjákù aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe ń jó fún yín.

Alábòójútó ibẹ̀ sáré fa rọ́bà omi tó wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn. Omi ò jáde. Obìnrin tó ń ṣe ìṣirò owó ní àjà kẹjọ wá sáré sídìí fóònù. Bí wọ́n ṣe to fóònù ibẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ pe àjà kẹsàn-án gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe àjà kẹwàá, kí ẹni tó ń so ìpè pọ̀ níbẹ̀ tó so ó mọ́ ti ìkẹsàn-án. Ó pe àjà kẹwàá, wọ́n sì gbọ́ ọ. Bí ẹni tó ń so ìpè pọ̀ ṣe gbọ́ pé iná ń jó, ó fi ìdí fóònù sílẹ̀, ó lọ kéde fún àwọn tó wà nítòsí rẹ̀. Mi ò dá a lẹ́bi o. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí iná bá jó ni, tó jó ọmọ ẹni, tara ẹni là ń kọ́kọ́ gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bó ṣe dìde nídìí fóònù yẹn, ọ̀nà àtipe àjà kẹsàn-án ti dí pátápátá.

Àwọn tó wà ní àjà kẹwàá gun orí òrùlé, wọ́n gba ibẹ̀ bọ́ sórí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹnì kan péré ló kú nínú wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní àjà kẹjọ náà rọ́nà sá. Àjà kẹsàn-án ni ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ sí. Nǹkan bí 250 èèyàn ló wà níbẹ̀, ìgbà tí iná dé bá wọn ni wọ́n tó mọ̀ pé iná ń jó.

Wọ́n yà sí ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn kan, wọ́n bá a ní títì. Àwọn ọ̀gá ló ń tì í, kí gbogbo òṣìṣẹ́ lè máa gba ọ̀nà kan ṣoṣo jáde, kí wọ́n lè máa yẹ báàgì wọn wò kí wọ́n tó lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má bàa jí aṣọ. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà wà lọ́wọ́ fóòmáànù. Fóòmáànù sì ti gba ibòmíràn jáde lọ ní tirẹ̀. Àtẹ̀gùn irin tó wà lẹ́yìn ilé já wó pẹ̀lú àwọn tó wà lórí rẹ̀. Àwọn tó ń wa lífíìtì ṣe bí akọni, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń kó èèyàn sọ̀kalẹ̀ títí lífíìtì ò fi lè gòkè mọ́. Nígbà tí panápaná dé, àkàsọ̀ wọn ò ga kọjá àjà kẹfà. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọbìnrin náà fò láti ojú fèrèsé. Láàárín ìdajì wákàtí, gbogbo rẹ̀ ti parí, èèyàn 146 sì ti bá a lọ. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Frances Perkins wà lójú pópó nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, ó fi ojú ara rẹ̀ rí i, kò sì gbàgbé rẹ̀. Òun ló di mínísítà ètò iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1933, obìnrin àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ mínísítà nínú ìjọba àpapọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yẹn wò. Fóònù wà níbẹ̀. Rọ́bà omi wà. Ilẹ̀kùn wà, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ náà sì wà. Ẹni tí wọ́n ti pè jókòó ṣáájú ọjọ́ náà ni kò sí, ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé, "Ìwọ, bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, má dìde nídìí fóònù yìí títí àjà kẹsàn-án yóò fi gbọ́." "Ìwọ, kó o tó gba ibikíbi jáde, ṣí ilẹ̀kùn yìí." "Ìwọ, gbogbo oṣù ni kó o máa fa rọ́bà yìí jáde kó o rí i pé omi ń bọ̀." Wọn ò ṣe ìdánrawò kankan rí níbẹ̀. Ọjọ́ tí iná jó gan-an ni wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa sá.

Ẹnì kan lè ní ayé àtijọ́ nìyẹn, àti pé òkè òkun ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ilé iṣẹ́ kan jóná lóru ní Odógunyàn, ní Ìkòròdú wa níbí. Àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ wà nínú ilé náà, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló kú síbẹ̀. Ọdún 91 ló wà láàárín ti New York àti ti Ìkòròdú, ohun kan náà ló sì pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀, òfin ilẹ̀ wa tí wọ́n ń pè ní Factories Act ò fi ọ̀rọ̀ yìí sábẹ́ ahọ́n sọ: níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá wà nínú ilé iṣẹ́, yálà ó ń ṣiṣẹ́ ni tàbí ó ń jẹun, wọn ò gbọdọ̀ ti ilẹ̀kùn àbájáde lọ́nà tí ẹni tó wà nínú ilé ò fi ní lè ṣí i wéré. Bí ọ̀gá kan bá ń gbọ́ mi tó ń fi àgádágodo ti òṣìṣẹ́ mọ́lé lóru nítorí olè, mo bẹ̀ yín lórúkọ Ọlọ́run, ẹ já àgádágodo yẹn kí alẹ́ òní tó lẹ́. Ohun tí olè lè gbé kò tó ẹ̀mí èèyàn kan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe iṣẹ́ gidi. Ká fi ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ṣe àpẹẹrẹ, torí ẹni tó bá mọ Èkó mọ̀ pé Ṣómólú ni iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ti gbóná jù. Ká ní èèyàn mẹ́rìnlá ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Maṣíìnì wà nísàlẹ̀. Akọ̀wé àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà wà lókè. Bébà kún ibi gbogbo, wọ́n tiẹ̀ to òmíràn dé ẹ̀bá àtẹ̀gùn. Bẹntiróòlù àti kẹrosíìnì ni wọ́n fi ń nu yíǹkì kúrò lára maṣíìnì. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìnkùlé, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ò lè gbọ́ ẹni tó ń pè é láti òkè.

Kí ọ̀gá tó ra ohunkóhun, kó kọ́kọ́ rìn yí ilé ká. Kó mú ẹni méjì dání, ọ̀kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ àti ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tó ti pẹ́ mọ ibi tí wáyà ti ń ta iná, àmọ́ ewu ti mọ́ ọn lójú, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa béèrè pé kí ló dé tí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù fi wà nídìí jẹnẹrétọ̀. Kí wọ́n jókòó sórí àga òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dìde níbẹ̀, kí wọ́n rìn dé òde, kí wọ́n máa wo ohun tó lè jó, ohun tó lè dí ọ̀nà, àti ẹni tí kò ní gbọ́ bí a bá kígbe. Wọ́n á rí i pé bébà ẹ̀bá àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n á rí i pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti pẹ́ tó ti wà ní títì débi pé kò sẹ́ni tó rántí ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà mọ́.

Lẹ́yìn ìrìn yìí ni kí wọ́n tó jókòó pín iṣẹ́. Àṣà wa ni pé ọ̀gá ni ká fi ṣe olórí ohun gbogbo. Nínú ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, mi ò fara mọ́ àṣà yẹn. Ọ̀gá kì í fi bẹ́ẹ̀ jókòó sójú kan, ó lè ti lọ bá oníbàárà, ó lè wà ní báńkì. Ẹni tó yẹ ká fi ṣe olórí ètò ni ẹni tó máa ń wà níbi iṣẹ́ láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ara rẹ̀ balẹ̀, tí ohùn rẹ̀ ròkè, tí àwọn tó kù sì máa ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń darí maṣíìnì, ó lè jẹ́ akọ̀wé. Kí ọ̀gá wá dìde lójú gbogbo wọn, kó sọ ọ́ gbangba pé, "Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, bí ẹni yìí bá ní kí a jáde, èmi náà á jáde." Bí ọ̀gá ò bá sọ ọ́, ẹni náà á máa wojú ọ̀gá kó tó pariwo, ìṣẹ́jú tó bá fi wojú ọ̀gá yẹn lè gba ẹ̀mí.

Ẹni tí yóò pe panápaná, kí ó jẹ́ ẹni tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tí owó sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ní Èkó, 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà tí a ń pè, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ẹ bá wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kí ẹni yìí fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé iṣẹ́ panápaná tó sún mọ́ yín jù, kó gba nọ́ńbà wọn. Kó mọ ohun tó máa sọ. Kó má wulẹ̀ pariwo pé "Ẹ gbà wá o, iná o," kó sì pa fóònù. Orúkọ òpópónà, nọ́ńbà ilé, ilé ńlá tàbí bọ́sítọ́ọ̀bù tó wà nítòsí, ohun tó ń jó, bóyá èèyàn wà nínú ilé, bóyá ọ̀nà kan ti dí tí ọkọ̀ ńlá ò fi ní lè kọjá. Kó má pa fóònù àfi bí àwọn tó pè bá ní kó pa á. Mo gba yín níyànjú pé kí ẹ kọ àdírẹ́sì náà sára ògiri lẹ́bàá fóònù, torí mo mọ bí ẹ̀rù ṣe ń gba orúkọ àdúgbò lọ́kàn èèyàn.

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó jẹ́ pé òun ló máa pa iná mànàmáná, jẹnẹrétọ̀, ínfátà àti gáàsì bí ó bá wà. Kó mọ ibi tí ṣíwíìṣì ńlá wà lókùnkùn. Mẹ́gáàdì ló máa ṣí géètì gbayawu, tó máa lé mọ́tò kúrò lójú ọ̀nà, tó máa jáde sójú títì láti darí ọkọ̀ panápaná wọlé. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí a ń pín yìí, ti mẹ́gáàdì làwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ omi tó dé tí kò rọ́nà wọlé ò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó máa yẹ ilé wò kí ó tó jáde, iṣẹ́ rẹ̀ ló gba ọkàn jù. Òun ló máa wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí, ibi tí wọ́n ti ń kírun, àti ẹ̀yìn maṣíìnì níbi tí ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́ mọ́jú lè ti sùn lọ. Kó kan ilẹ̀kùn, kó ṣí i, kó wo inú, kó pa á dé padà láìtì í, torí ilẹ̀kùn tó wà ní pípadé máa ń dá èéfín dúró díẹ̀. Kó má kọjá ibi tí èéfín bá ti ṣú. Nínú ilé gíga, kí àjà kọ̀ọ̀kan ní ẹni tirẹ̀. Èéfín yìí gan-an ni kí ẹ bẹ̀rù ju ọwọ́ iná lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìsàlẹ̀ ilé gíga kan ní Broad Street, ní Erékùṣù Èkó, ni iná ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n kó ínfátà sí, èéfín ló sì gun òkè lọ bá àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn kan nínú wọn kú. Nítorí náà, bí èéfín bá ti wọlé, kí ẹ rẹlẹ̀, kí ẹ rákòrò lórí ilẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ṣì mọ́ díẹ̀, kí ẹ má sì wọ lífíìtì.

Àwọn baba wa ní ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iná kì í wí tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ bá ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú yín, tàbí ẹni tí etí rẹ̀ ò gbọ́ràn, tàbí aboyún, tàbí ẹni tó ní ikọ́ fée, ẹ yan ẹni méjì tì í. Mo ní méjì, torí ọ̀kan lè má wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Kí ẹ sì bi òun fúnra rẹ̀ léèrè bó ṣe fẹ́ kí wọ́n gbé òun, ibi tó ti ń dùn ún, ohun tí kò fẹ́. Èyí tí mo rí tó ń bí mi nínú ni pé a máa ń ṣètò fún irú àwọn èèyàn wọ̀nyí láìpè wọ́n sí ìpàdé.

Ọ̀rọ̀ igbákejì yìí kan gbogbo iṣẹ́ tí mo ti dárúkọ. Ojúṣe kọ̀ọ̀kan, orúkọ méjì. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá lọ sí ìsinmi ọmọ, bí ó bá ń ṣàìsàn, bí ó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwé ètò gbọ́dọ̀ yí padà lọ́jọ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní olórí tiwọn, ẹni tó máa mú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ dání.

Níbo ni gbogbo èèyàn máa péjọ sí bí wọ́n bá jáde? Ẹ yan ibẹ̀ ṣáájú, kó jìnnà sí ilé náà, kó má sì sí lójú ọ̀nà ọkọ̀ panápaná. Ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, ọdún 2002, nígbà tí àdó olóró ń bú ní bárékè Ìkẹjà, láti ìrọ̀lẹ́ wọ òru ni, àwọn èèyàn ń sáré láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sáré wọ inú ọ̀nà omi ní Òkè-Afá, wọ́n kú sómi, àdó olóró ò sì kàn wọ́n rárá. Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Èmi ò lè gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé "Ẹ ṣáà máa sá" kí n má rántí Òkè-Afá.

Níbi ìpéjọ náà, ẹnì kan á dúró pẹ̀lú ìwé orúkọ, ó sì máa pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ìwé àlejò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí oníbàárà tó wá gba káàdì ìgbéyàwó rẹ̀ náà ní ìyá nílé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí panápaná máa béèrè ni pé, ṣé ó ku èèyàn nínú ilé? Bí ẹ bá dáhùn pé "A ò mọ̀," wọ́n lè wọ inú iná lọ wá ẹni tó ti gun ọ̀kadà lọ sílé. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọdọ̀ kúrò níbi ìpéjọ láìsọ fún ẹni tó ń pe orúkọ, tí kò sì fi gbọdọ̀ padà wọlé nítorí báàgì tàbí fóònù.

Ẹ̀rọ apaná pupa yẹn, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. Iná kékeré nìkan ni ó wà fún, kì í sì í pé ìṣẹ́jú kan tí ohun inú rẹ̀ fi ń tán. Ẹni tó máa lò ó gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ, kó sì fi ẹ̀yìn sí ọ̀nà àbájáde. Á fa irin tó dè é lórí, á dojú ẹnu rẹ̀ kọ ìdí iná, á tẹ ọwọ́ rẹ̀, á máa gbá a sọ́tùn-ún sósì. Ẹ má bu omi sí iná mànàmáná, ẹ má bu omi sí iná epo. Bí iná bá ti ga ju èèyàn lọ, ẹ jáde.

Pàjáwìrì kì í ṣe iná nìkan. Òṣìṣẹ́ lè ṣubú lójijì, wárápá lè mú ẹnì kan, iná mànàmáná lè gbé ọmọṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì lọ kọ́ ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ àpótí oògùn má sì wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá. Bí iná mànàmáná bá gbé ẹnì kan, ẹ pa iná náà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Bí wárápá bá mú ẹnì kan, ẹ má fi síbí sí i lẹ́nu. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀ títí yóò fi balẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ dà á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Gbogbo ìwọ̀nyí ò ní wúlò bí ẹ ò bá fi ṣe ìdánrawò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Rick Rescorla fún yín. Ọmọ Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ó ti ṣe sójà rí, òun ló sì ń bójú tó ààbò ní Morgan Stanley, ilé iṣẹ́ ìnáwó tó gba ọ̀pọ̀ àjà nínú ilé gogoro World Trade Center ní New York. Lọ́dún 1993, àwọn kan yin bọ́ǹbù sísàlẹ̀ ilé náà, èèyàn mẹ́fà kú. Láti ìgbà náà ni Rescorla ti ń fi dandan mú àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ìdánrawò. Àtọ̀gá àtọmọṣẹ́, á ní kí wọ́n fi iṣẹ́ owó wọn sílẹ̀, kí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní méjì-méjì. Wọ́n máa ń kùn. Kò dá wọn lóhùn.

Nígbà tó di ọjọ́ 11, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001, ọkọ̀ òfuurufú kọ lu ilé gogoro àkọ́kọ́. Nínú ilé kejì, níbi tí Rescorla wà, wọ́n kéde pé kí oníkálùkù jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀. Rescorla kọ̀. Ó gbé gbohùngbohùn ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí gbogbo àwọn tirẹ̀ jáde, ó sì ń kọrin ìlú rẹ̀ fún wọn lórí àtẹ̀gùn kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Wọ́n mọ ọ̀nà. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n máa tẹ̀ lé. Nígbà tí ilé náà wó, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ náà, tí wọ́n lé ní 2,500, ló ti jáde. Rescorla tún gòkè padà láti lọ wá àwọn tó kù, kò sì jáde mọ́. Mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún mi pé ìdánrawò ń fi àkókò ṣòfò.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí ju tiyín lọ. Òfin Amẹ́ríkà fàyè gba ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò ju mẹ́wàá lọ pé kó fi ẹnu sọ ètò rẹ̀ fún wọn, kò pọn dandan kó kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Oníṣọ́ọ̀bù irun tó ní ọmọṣẹ́ mẹ́ta lè sọ tirẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá: ìwọ lo máa pa gáàsì, ìwọ lo máa kó àwọn oníbàárà jáde, èmi ni mo máa pe panápaná, abẹ́ igi tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì la ti máa pàdé.

Ẹ jọ̀wọ́, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí ẹ tó ṣí iṣẹ́, ẹ pe gbogbo èèyàn yín jọ. Ẹ dárúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn, kí òun náà fi ẹnu ara rẹ̀ tún un sọ. Ẹ fun fèrè, kí ẹ rìn jáde, kí ẹ ka iye yín. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, bí ọ̀gá yín ò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lónìí, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un, kí ẹ sì bi í léèrè ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè.

Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Èkó ni 767 àti 112. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó máa pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.